Ẹṣin Ọ̀rọ̀ àti Ẹṣin Háyà: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ohun Tó Di Mímọ̀ Jù, àti Ìlò Wọn Nínú Lámèyítọ́ Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Ọ̀kan nínú àwọn ìdájọ́ tó rọrùn jù lọ fún alámèyítọ́ láti ṣe ni pé ohun tí òǹkọ̀wé kan sọ ti di ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá, ìyẹn èyí tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ àti èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi rò ó, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń gbé ìdájọ́ yìí ni cliché. Bí òwe bá pọ̀ nínú eré-oníṣe kan, bí akéwì kan bá tún gbólóhùn tí àwọn aṣíwájú rẹ̀ ti lò lò, ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ yọjú. Bí kò bá sì jẹ́ òun, á jẹ́ hackneyed, tàbí trite, tàbí banal, tàbí commonplace. Wọ́n máa ń lo gbogbo wọn bí ẹni pé òṣùwọ̀n lásán ni wọ́n, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi okùn wọn aṣọ.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé wọn kì í ṣe òṣùwọ̀n lásán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìtàn, ìtàn náà sì ń bá ìdájọ́ tí wọ́n ń gbé wọlé. Ọ̀nà mẹ́ta ni àlàyé náà yóò gbà. Èkíní ni wíwo orírun àwọn ọ̀rọ̀ náà láti mọ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe àfiwé nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún ohun tí ènìyàn púpọ̀ ti lò. Èkejì ni wíwo ohun tí Yorùbá fi sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bíbéèrè ohun tó yẹ kí alámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ṣe sí ọ̀ràn náà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí òṣùwọ̀n bá wọ́, ohun tó gún ni yóò dà bí ohun tó wọ́. Apá tó tóbi jù nínú ewì alohùn Yorùbá ló sì wà ní abẹ́ òṣùwọ̀n yìí.

2.0 Ẹṣin, Ọlọ àti Oríta

Ó yẹ kí àlàyé bẹ̀rẹ̀ láti orí hackneyed, nítorí pé ìtàn rẹ̀ ló hàn jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àárín àwọn ọdún tí wọ́n ń pè ní ìgbà ọ̀làjú agbedeméjì, hackney jẹ́ ẹṣin ìrìnnà lásán, tí kì í ṣe ẹṣin ogun, tí kì í sì í ṣe ẹṣin iṣẹ́ oko. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ orírun ọ̀rọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí orúkọ náà ti ara Hackney wá, ibi kan tó wà lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà ṣùgbọ́n tó ti di apá kan ìlú náà lónìí. Nítorí pé irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà ń fi sílẹ̀ fún háyà, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà yí sí ẹṣin háyà. Nígbà tó di sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n ń háyà ti wà káàkiri ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, hackney sì ni orúkọ wọn. Títí di òní, orúkọ yìí kò tí ì kúrò nínú òfin tó de àwọn takisí ìlú náà. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti gé hack, èyí tí wọ́n fi ń pe òǹkọ̀wé tó ń ta gègé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́. Láti ara rẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe tí wọ́n fi ń pe gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn ti gùn rẹ̀ ti jáde.

Àfiwé yìí yé Yorùbá dáadáa. Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ ológeere tí àwọn ọmọdé máa ń háyà lọ́dún Àjíǹde mọ bí ohun tí gbogbo ènìyàn ń gùn ṣe máa ń rí: ìjòkòó rẹ̀ á ya, bíréèkì rẹ̀ á kọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó yẹ ní àkíyèsí. Kì í ṣe ìwà ẹṣin náà ló mú un rù. Ẹni tó háyà rẹ̀ fún wákàtí méjì fẹ́ jẹ gbogbo agbára rẹ̀ tán láàárín wákàtí méjì náà, kò sì sí nínú wọn tó fún un ní oúnjẹ. Síbẹ̀, nígbà tí èdè máa dá ẹjọ́, orí ẹṣin ni ó dá a sí. Orúkọ burúkú kò kan ẹni tó gùn ún.

Banal náà ní ìtàn tó jọ èyí. Láti inú èdè Faransé ló ti wá. Ní ayé ìjọba àwọn onílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, olúwa ilẹ̀ a máa ní ọlọ ńlá kan àti ààrò búrẹ́dì kan tó di dandan fún gbogbo àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀ láti lò, kí wọ́n sì san owó lórí rẹ̀. Banal ni wọ́n ń pe ọlọ àti ààrò wọ̀nyí, nítorí pé abẹ́ àṣẹ olúwa ilẹ̀ ni wọ́n wà. Láti orí ohun tí gbogbo ará abúlé ń lò pa pọ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà sún sí ohun tí kò ní adùn, tí kò ní ìjìnlẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, ọlọ ti parẹ́ nínú rẹ̀, àbùkù nìkan ló kù.

Bákan náà ni trivial. Ọ̀rọ̀ Látìn tó wà nídìí rẹ̀ ni oríta, ibi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé. Ohun tó bá jẹ́ ti oríta jẹ́ ohun tí èrò ọ̀nà ń sọ, ohun tí kò tó nǹkan. Fún Yorùbá, ibi yìí gan-an ni ìyàtọ̀ ti yọ gedegbe. Oríta kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ lójú Yorùbá. Oríta mẹ́ta ni wọ́n ń gbé ẹbọ sí. Ibẹ̀ ni Èṣù wà. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ti gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà. Pé ẹsẹ̀ púpọ̀ ń kọjá níbẹ̀ ló fún un ní agbára, kì í ṣe pé ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èdè méjì wo ibì kan náà, wọ́n sì rí nǹkan méjì.

Ó tún yẹ kí ènìyàn fi kún un pé àwọn mìíràn nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní búburú. Commonplace jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Látìn kan tó dúró fún àlàyé tó ṣeé lò fún ẹjọ́ púpọ̀, irinṣẹ́ tí gbogbo olùfọ̀rọ̀wérọ̀ gbọ́dọ̀ ní. Ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, Erasmus àti àwọn olùkọ́ mìíràn ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti ní ìwé tí wọn yóò máa kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sí. John Locke pàápàá ṣe àlàyé lórí bí ènìyàn ṣe lè to irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìṣúra ni commonplace nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni stale, tí wọ́n fi ń bú àwàdà tó ti pẹ́ nílẹ̀ lónìí, ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn fún ọtí tó ti pẹ́ débi pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ti sílẹ̀, tó ti mọ́, tó sì ti le. Ohun tó yí padà kì í ṣe ọtí. Ojú tí àwùjọ fi ń wo ohun tó ti pẹ́ ló yí.

3.0 Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Ìsọ̀rí kejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ti ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé jáde. Ní ìparí sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ Faransé, tí ìdílé Didot jẹ́ àgbà nínú wọn, mú ọ̀nà kan gbòòrò tí wọ́n fi ń da òjé yíyọ́ sórí àwòṣe ojú-ìwé tí wọ́n ti tò tán, kí odidi ojú-ìwé náà lè di awo irin kan ṣoṣo. Stereotype ni wọ́n pè é, èyí tó túmọ̀ sí àmì tó le koránkorán. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Kò sí pé wọ́n ń tún lẹ́tà tò lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Wọ́n á tẹ ìwé náà títí, ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún á sì jọra wọn bí ìbejì. Cliché ni orúkọ mìíràn tí àwọn atẹ̀wé Faransé ní fún irú awo bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìró tó máa ń dún nígbà tí àwòṣe bá kan òjé gbígbóná ni wọ́n fi sọ ọ́.

Kí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tó parí, cliché ti kúrò lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn alámèyítọ́. Ní ọdún 1922, Walter Lippmann, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, lo stereotype nínú ìwé rẹ̀ Public Opinion fún àwòrán tó ti dì sínú ọkàn ènìyàn nípa ẹ̀yà tàbí ẹgbẹ́ mìíràn. Ní ọdún 1940, Eric Partridge ṣe odidi ìwé atúmọ̀ èdè fún cliché. Ní ọdún 1946, George Orwell kọ àròkọ rẹ̀ lórí ìṣèlú àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti pín àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tó sì ń gbé àwòrán síni lọ́kàn, èyí tó ti kú pátápátá tó ti di ọ̀rọ̀ lásán, àti èyí tó wà láàárín, tí kò kú, tí kò sì yè. Ẹ̀kẹta yìí ni ó bá jà. Ó ní ẹni tó bá ń lò ó ti jẹ́ kí gbólóhùn máa ronú fún òun.

Ọ̀rọ̀ Orwell ní òtítọ́ nínú, òtítọ́ náà sì kan Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn rántí irú ayé tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ayé tí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tó kà á kò ti fojú kan ara wọn ni. Tí ọ̀rọ̀ kan náà ń jáde lára awo irin kan náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú láìmọ ojú ẹni tó ń wò ó. Awo irin kò lè mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ òǹkàwé yìí lánàá. Kò lè dákẹ́ díẹ̀ kí ó wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wọlé. Àìsí ojú-kojú ni ẹ̀ṣẹ̀ cliché gan-an, kì í ṣe pípẹ́ tí ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ẹni tó bá mú orúkọ yìí wá fún òwe tí àgbàlagbà fi la ìjà ní ojú àwọn tó ń jà ti mú ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rọ wá ka ènìyàn lọ́rùn.

4.0 Àwọn Ènìyàn Inú Ọ̀rọ̀ Náà

Ìsọ̀rí kẹta kò fi ẹṣin tàbí ẹ̀rọ bojú rárá. Àwọn ènìyàn ni ó dárúkọ. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó jọ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń jẹ́: popularize àti vulgarize. Látìn ni méjèèjì ti wá. Populus ni àwọn ará ìlú, vulgus ni àwọn mẹ̀kúnnù. Bí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan bá ṣe àlàyé ìràwọ̀ fún àwọn tí kò kàwé púpọ̀, tí ẹnu alámèyítọ́ sì dùn sí i, ó ti ṣe ti àkọ́kọ́. Bí kò bá dùn sí i, ó ti ṣe èkejì. Iṣẹ́ ọ̀hún kò yàtọ̀. Ojú tí wọ́n fi wo àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló yàtọ̀. Àwọn Faransé, ní tiwọn, kò rí àbùkù nínú vulgarisation. Iṣẹ́ ìmọ̀ fún gbogbo ènìyàn ni wọ́n fi ń pè. Kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, vulgar kò fìgbà gbogbo jẹ́ èébú. Nínú Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti ọdún 1662, ọ̀rọ̀ yìí dúró fún èdè tí gbogbo ará ìlú ń sọ, ìyẹn èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó yàtọ̀ sí Látìn. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti jẹ́ vulgar rí. Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1843 jẹ́ vulgar ní ìtumọ̀ yẹn pẹ̀lú, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù lọ nípa ìbẹ̀rù dídi mímọ̀ jù wà nínú eré Shakespeare, apá kìíní Henry IV, tí wọ́n kọ ní ìparí sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. Ní ìran kejì ìṣe kẹta, ọba pe ọmọ rẹ̀, ó sì bá a wí pé ó ń fi ara wọ́lẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn lásán. Ọba ní bí òun bá ti jẹ́ kí ojú ìlú rí òun bẹ́ẹ̀ ni, òun kì bá tí dé orí ìtẹ́. Pé nítorí pé òun ṣọ̀wọ́n ni gbogbo ènìyàn fi ń yọjú wò òun. Àti pé Richard tó jọba ṣáájú òun ti yó wọn lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sú wọn. Ọ̀rọ̀ ẹṣin háyà tí àlàyé ti wáyé lórí rẹ̀ lókè yìí wà lára ọ̀rọ̀ tí Shakespeare fi sí ọba lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí pé ọba Yorùbá náà kì í ṣe ẹni à ń rí lójoojúmọ́, ìlẹ̀kẹ̀ adé a sì máa bo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni yóò jẹ́ láti gba ọ̀rọ̀ ọba Henry bí ẹni pé òun ni ọ̀rọ̀ eré náà. Ọmọ tó ń bá wí ti jókòó ti àwọn agbọ́tí ní ilé ọtí, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì ti fi èyí yangàn pé òun lè bá ẹnikẹ́ni nínú wọn mutí ní èdè tirẹ̀. Ọmọ yìí kan náà ni ó borí Hotspur lójú ogun Shrewsbury. Eré náà kò sọ pé mímọ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n ba ọlá rẹ̀ jẹ́. Bàbá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, bàbá náà sì ní ohun tó ń dáàbò bò: ìtẹ́ tí kò jogún, tó gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ọlá rẹ̀ kò fìdí múlẹ̀ ni ẹ̀rù ojú púpọ̀ ń bà jù.

5.0 Ohun Tí Yorùbá Ń Sọ

Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ àbùkù fún ohun tó pọ̀ jù. Irọ́ ni yóò jẹ́ láti sọ pé kò ní. Tọ́rọ́fọ́nkálé ni wọ́n ń pe ohun tó wà níbi gbogbo tí kò níyì; bí wọ́n sì ṣe hun ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé owó tọ́rọ́ tó fọ́n ká inú ilé ni, owó ayé àwọn Òyìnbó tí náírà ti lé lọ láti ọdún 1973. Wọ́n ń sọ nǹkan di yẹpẹrẹ. Wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan sú àwọn, pé àwítúnwí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Awo sì wà tí wọn kì í tú fún ọ̀gbẹ̀rì. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń fojú tín-ín-rín ohun tí gbogbo ènìyàn ní.

Ṣùgbọ́n níhà kejì, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe ẹni tó lókìkí. Gbajúmọ̀ ni, ìyẹn ẹni tí igba ojú mọ̀. Ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni ẹlòmíràn. Ojú tó ń wò, tó sì mọ ẹni tó ń wò, wà nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Iye ojú náà ni iyì ẹni náà. Ohun tí ọba Henry bẹ̀rù ni Yorùbá fi ṣe orúkọ oyè.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà gbó. Aṣọ a máa gbó, ó sì di àkísà. Obì náà a máa gbó, nígbà náà ló tó jẹ. Bí wọ́n bá ń súre fún ọmọ, wọ́n á ní yóò gbó, yóò tọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi gbé ìparun aṣọ àti pípé èso, kò sì dá ẹjọ́ kankan títí ènìyàn yóò fi mọ ohun tó gbó. Ní Gẹ̀ẹ́sì, trite ti orí ọ̀rọ̀ Látìn fún ohun tí fífọwọ́rà ti bó lára wá. Threadbare ni aṣọ tí òwú rẹ̀ ti hàn síta. Ní èdè yẹn, kò sí ohun mìíràn tí gbólóhùn tó ti gbó lè jẹ́ ju àkísà lọ. Yorùbá ní tirẹ̀ sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn, tí èdè kan fi ń bú ọ̀rọ̀, ni èdè kejì kà mọ́ dúkìá tí ọmọdé kò lè fi owó rà.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni wọ́n fi ń wá a. Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, láìgbọ́ ohùn ara wọn, ni wọ́n fi ẹṣin ṣe àfiwé gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹṣin háyà, tó ti rù nítorí pé ẹni púpọ̀ ti gùn ún. Ti Yorùbá jẹ́ ẹṣin tí wọ́n fi ń wá ohun tó sọnù, àìmọye ènìyàn ló sì ti gùn ún láti ìran dé ìran láìjẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí kò ṣòroó rí. Ẹni tó háyà ẹṣin kò jẹ ẹṣin náà ní gbèsè ju owó lọ. Ẹni tó pa òwe jẹ gbèsè. Ìdí nìyí tí ọmọdé tó bá pa òwe níwájú àgbà fi gbọ́dọ̀ sọ pé tótó, ó ṣe bí òwe, tí àgbà á sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló ti mọ òwe náà tẹ́lẹ̀; síbẹ̀ wọ́n gba ìforíbalẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì súre. Ohun tí wọ́n ń yẹ́ sí kì í ṣe ìjẹ́tuntun ọ̀rọ̀ náà bí kò ṣe pé ó bọ́ sí àsìkò, àti pé ẹni tó sọ ọ́ mọ ẹni tó ni ín.

6.0 Àwígbó àti Àwísú

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí alámèyítọ́ ṣe? Ìdáhùn kan tí kò ní dára ni kí ó sọ pé kò sí òwe tàbí gbólóhùn Yorùbá tó lè sú ènìyàn. Ẹ̀rí takò ó. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò tí wọ́n fi òwe mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohun kan tó ní láárí, tàbí tó ti wo fíìmù tí gbogbo àgbàlagbà inú rẹ̀ kò lè la ẹnu láìjẹ́ pé Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, mọ̀ pé ohun tí Orwell ń bẹ̀rù wà nílé. Níbẹ̀, òwe kò wá ọ̀rọ̀ kankan tó sọnù, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn tó sàn jù ni kí lámèyítọ́ Yorùbá pín ohun tí cliché pa pọ̀ sí méjì. Láti ìgbà tí iṣẹ́ èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ti jáde ní ọdún 1984, ó ti hàn pé èdè náà lè dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún iṣẹ́ ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tó ṣeé dá níhìn-ín ni àwígbó àti àwísú. Àwígbó ni gbólóhùn tí ẹnu púpọ̀ ti lò títí tó fi gbó bí obì ṣe ń gbó, tó jẹ́ pé mímọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n ló ń fún un ní agbára. Àwísú ni èyí tí wọ́n ń wí láìwo ojú ẹni tó ń gbọ́, tó fi sú etí. Gbólóhùn kan náà lè jẹ́ àwígbó lónìí kí ó di àwísú lọ́la. Nítorí náà, kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tó lè to àwísú jọ gẹ́gẹ́ bí Partridge ti to cliché jọ. Inú ìlò nìkan ni wọ́n ti lè mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè mẹ́ta ló lè ran alámèyítọ́ lọ́wọ́. Ǹjẹ́ ohun kan wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ inú eré tàbí ewì náà tí gbólóhùn yìí ń wá? Ǹjẹ́ ẹni tó sọ ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́, ní ọjọ́ orí rẹ̀ àti ní ipò rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún yí ìwà padà, tàbí ó dáhùn lọ́nà kan, nítorí pé ó gbọ́ ọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwígbó ni, bí ó ti wù kí ó ti pẹ́ tó. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, àwísú ni, kódà bí òǹkọ̀wé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún lánàá.

Ìpín yìí ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ewì alohùn pẹ̀lú. Milman Parry, àti Albert Lord lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìwé tó jáde ní ọdún 1960, fi hàn láti ara àwọn apohùn ilẹ̀ Yugoslavia pé gbólóhùn àtúnlò ni irinṣẹ́ tí apohùn fi ń hun ewì lójú agbo. Ọlátúnjí (1984) ka àwítúnwí mọ́ àwọn àbùdá ewì alohùn Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí alámèyítọ́ bá dúró síbi pé irinṣẹ́ ni, ó ṣì ń tọrọ àforíjì fún ewì náà, bí ẹni pé apohùn ì bá sọ ohun tuntun bí àyè bá wà. Oríkì orílẹ̀ kò nílò irú àforíjì bẹ́ẹ̀. Bí ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ bá gbọ́ oríkì orílẹ̀ rẹ̀, tí omijé bọ́ lójú rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé kò gbọ́ ọ rí. Nítorí pé ó ti gbọ́ ọ rí ni, lẹ́nu ìyá rẹ̀, àti pé ó lè jẹ́ pé yóò pẹ́ kí ó tó tún gbọ́ ọ ní ẹnu yẹn.

Kódà àwàdà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń yí òwe padà gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ọ̀dọ́ kan bá ní ẹni tó jìn sí kòtò, kí ó tètè wá àkàbà, ẹ̀rín náà kò lè jáde bí kò bá jẹ́ pé ti ìṣáájú ti wà lọ́kàn gbogbo wọn. Ohun tuntun ló ń gun ẹṣin àtijọ́ yẹn. Victor Shklovsky, ní ọdún 1917, sọ pé iṣẹ́ ọnà ni láti sọ ohun tó ti mọ́ni lára di àjèjì kí ojú lè tún rí i. Ìdajì òtítọ́ ni. Kí nǹkan tó lè di àjèjì, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ mọ́ni lára, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn tó ń sọ òwe lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, láìgba ìyìn.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé inú àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tó di mímọ̀ jù wá láti ara ohun àjọlò, láti ara ẹ̀rọ, àti láti ara orúkọ àwọn mẹ̀kúnnù; pé púpọ̀ nínú wọn kò ní àbùkù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀; àti pé èébú tó kan àwọn olùlò ló wá bà lé ohun tí wọ́n ń lò. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé Yorùbá ní ẹ̀gàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó gbó àti ohun tó súni, ìyàtọ̀ tí cliché kò lè gbé.

Kò sí ẹni tó sọ pé kí àwọn alámèyítọ́ má lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n mọ irú ẹṣin tí wọ́n gùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ cliché sí ẹ̀gbẹ́ òwe nínú eré kan, tó sì dín máàkì òǹkọ̀wé náà kù, gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tí òwe náà kò wo ojú rẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, a jẹ́ pé òun gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀ máa ronú fún òun.